Àbùdá Ìfaradà Ọ̀dá Nínú Ẹ̀wà: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Àgbẹ̀ àti Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

 

Kò sí ẹni tí ó ń gbin ẹ̀wà ní àkókò òjò àrọ̀kúrò ní agbègbè Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìgbòho tàbí Kíṣí tí kò mọ ewu tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ̀wà ti hù dáadáa, a ti roko, òdòdó ti yọ. Ojú ọ̀run wá mọ́ kedere ní àárín oṣù Ọkitóbà, òjò kò sì padà mọ́. Ohun tí ìdílé ìbá jẹ àti èyí tí wọn ìbá tà a bá ọ̀dá lọ, nígbà mìíràn irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ a sì bá a lọ pẹ̀lú. Síbẹ̀, nínú oko kan náà, ní ọjọ́ kan náà, a óò rí ẹ̀wà tí ó ti gbẹ tán, a óò sì rí òmíràn tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn lè jẹ́ ti ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti irúgbìn. Èyí tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sí oko mìíràn. Èyí tí ó jẹ́ ti irúgbìn ni àgbẹ̀ lè tọ́jú, kí ó sì tún gbìn ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí yóò kọ́ wa bí a ti ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, àti irú ìfaradà tí ó yẹ oko kọ̀ọ̀kan.

1. OHUN TÍ Ọ̀DÁ Ń ṢE SÍ Ẹ̀WÀ

Gbòǹgbò ni ewéko fi ń mu omi láti inú ilẹ̀. Omi yìí ń gòkè lọ sí ewé, ó sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ láti inú àwọn ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Láti inú ihò wọ̀nyí kan náà ni afẹ́fẹ́ tí ewéko fi ń ṣe oúnjẹ ti ń wọlé. Nítorí náà, bí ewéko bá ti ihò náà pa kí omi má baà tán lára rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ oúnjẹ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìfaradà ọ̀dá ní iye tí ewéko ń san fún un, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn títí dé òpin ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀dá kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni a mọ̀ ní oko ẹ̀wà:

(a) Ọ̀dá ìbẹ̀rẹ̀: òjò kan tàbí méjì rọ̀, ẹ̀wà hù, òjò sì dáwọ́ dúró nígbà tí gbòǹgbò kò tíì jìn.

(b) Ọ̀dá àárín: òjò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí ẹ̀wà ń tanná, lẹ́yìn náà ó tún padà.

(d) Ọ̀dá ìparí: òjò lọ pátápátá kí ọmọ inú èso ẹ̀wà tó gbó.

Ìgbà tí ẹ̀wà bá ń tanná, tí ó sì ń bọ́ ọmọ inú èso rẹ̀, ni ọ̀dá máa ń dín ìkórè rẹ̀ kù jù lọ. Nígbà náà ni òdòdó ń rẹ̀ dànù, tí èso ń yọ ṣùgbọ́n tí kò sí ọmọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kókó róbótó tí ó wà lára gbòǹgbò, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ naitirojini inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà, a sì dín iṣẹ́ wọn kù bí ilẹ̀ bá gbẹ.

2. ẸNI BÍNI LÀ Ń JỌ

Ẹ ti rí ọmọ rí tí kò jọ bàbá, tí kò jọ ìyá, ṣùgbọ́n tí àwọn àgbà wò ó, tí wọ́n sì wí pé ojú bàbá-ńlá rẹ̀ ni ó gbé wá sáyé. Ohun tí ó fara sin ní ìran kan ni ó tún yọjú ní ìran mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú ohun ọ̀gbìn.

Lára ìdílé ẹ̀wà gan-an ni a ti kọ́kọ́ mọ òfin ọ̀rọ̀ yìí. Gregor Mendel, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan ní ìlú Brno, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì lónìí, gbin irú ẹ̀wà kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní pea fún ọdún púpọ̀, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1866. Ó mú èyí tí ó ga, ó fi gba akọ lára èyí tí ó kúrú. Gbogbo ọmọ tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni ó ga. A ìbá rò pé kíkúrú ti parẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbin irúgbìn àwọn ọmọ náà, kíkúrú tún padà: nínú mẹ́rin, bí mẹ́ta ga, ọ̀kan sì kúrú.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ewéko kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹ̀dà méjì ti àbùdá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ akọ, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ abo. Wilhelm Johannsen, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Denmark, ni ó fún ohun tí ń gbé àbùdá yìí ní orúkọ ní ọdún 1909. Jíìnì ni a óò máa pè é nínú ìwé yìí. Jíìnì kan lè bo èkejì mọ́lẹ̀ kí a má rí i, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gbéyàwó tàbí kí ẹ tó lọ́kọ ti mọ òfin yìí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS kò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ṣùgbọ́n ó gbé S kan pamọ́ sára. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí yóò jẹ́ SS. Ọ̀nà kan náà ni ẹ̀wà tí ó dà bí ẹni pé ó lágbára fi lè bí ọmọ tí kò lágbára.

Nínú ẹ̀wà tí à ń jẹ nílé wa, àwọn jíìnì yìí tò sórí okùn tín-ín-rín 22 tí à ń pè ní krómósómù, 11 láti ọ̀dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2019 ni àwọn olùwádìí tẹ àkójọ gbogbo jíìnì ẹ̀wà jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000. Irú ẹ̀wà tí wọ́n lò fún iṣẹ́ náà ni IT97K-499-35, ọ̀kan nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ṣe jáde.

3. ÌDÁNWÒ INÚ IGBÁ

Ẹ lè fi ojú ara yín rí òfin yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ ka ẹ̀wà pupa 50 àti ẹ̀wà funfun 50 sínú igbá kan, kí ẹ sì pò wọ́n pọ̀. Kí a pe pupa ní jíìnì ìfaradà ọ̀dá, kí a sì pe funfun ní èyí tí kò ní ìfaradà. Pupa ni ó ń bo funfun mọ́lẹ̀.

Kí ẹnì kan di ojú, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀kan, kí ó fi ọwọ́ òsì mú ọ̀kan. Méjèèjì yìí ni ewéko kan. Ẹ kọ ohun tí ó mú sílẹ̀, ẹ dá wọn padà sínú igbá, kí ẹ sì tún un ṣe ní ìgbà 40. Ẹ óò rí i pé bí 10 ni pupa àti pupa, bí 20 ni pupa àti funfun, bí 10 sì ni funfun àti funfun. Iye náà lè yẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà sí i.

Nígbà tí ọ̀dá bá dé, 30 nínú 40 yìí ni yóò dúró. Ṣùgbọ́n 10 péré ni ó jẹ́ pupa méjì. Àwọn nìkan ni ọmọ wọn yóò jọ wọ́n láìyẹ̀. Àwọn 20 yòókù gbé funfun pamọ́. Ojú kò lè mọ èyí tí ó pé yàtọ̀ sí èyí tí kò pé. Àfi kí a gbin ọmọ wọn kí a tó mọ̀.

Ohun kan ń ràn wá lọ́wọ́. Òdòdó ẹ̀wà sábà máa ń gba akọ ara rẹ̀ kí ó tó là. Nítorí náà, ní ìran kọ̀ọ̀kan, ìdajì àwọn tí ó gbé oríṣi jíìnì méjì pọ̀ ni ó ń di ẹlẹ́yọ kan. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ alámùúlùmálà ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìgbìn márùn-ún, nǹkan bí 3 nínú 100 ni yóò kù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí irúgbìn ẹ̀wà tí a ti sọ di ẹlẹ́yọ kan fi ṣeé tọ́jú láti ọdún dé ọdún. Kò rí bí àgbàdo háíbíríìdì tí a ní láti tún rà lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ tí ó bá ra irúgbìn ẹ̀wà tí ó dára lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì jẹ́ kí ó dàpọ̀ mọ́ òmíràn, lè lò ó fún ọdún púpọ̀.

4. Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ Ẹ̀WÀ Ń GBÀ LA Ọ̀DÁ JÁ

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ó sá fún ọ̀dá. Ẹ̀wà tí ó tètè gbó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí omi ilẹ̀ tó tán. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, IITA ṣe àwọn ẹ̀wà jáde tí wọ́n ń gbó ní nǹkan bí 60 ọjọ́. Àwọn ẹ̀wà ìbílẹ̀ kan náà ní ọgbọ́n tiwọn: gígùn ojúmọ́ ni wọ́n ń wò. Ìgbàkígbà tí a bá gbìn wọ́n, wọn kò ní tanná àfi bí ojúmọ́ bá ń kúrú, nígbà tí òjò ń lọ sópin. Jíìnì ni ó fún wọn ní ọgbọ́n náà. Iye tí èyí tí ó tètè gbó ń san ni pé, bí òjò bá pọ̀, kò lè lo gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀dá bá sì bá a ní àárín ìtànná, kò ní àyè láti tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí gbòǹgbò jìn, kí ó lè dé ibi tí omi ṣì wà. Èyí wúlò ní ilẹ̀ tí ó jìn. Bí òkúta bá wà nítòsí, kò sí ibi tí gbòǹgbò náà yóò gbà.

Ọ̀nà kẹta ni kí ewéko dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró, kí ó máa ṣọ́ omi ara rẹ̀ lò.

Ọ̀nà kẹrin ni kí ó fà omi àti oúnjẹ láti inú ewé ìsàlẹ̀ tí ó ti gbó, kí ó fi bọ́ ewé tuntun àti orí rẹ̀, kí orí náà má baà kú. Irú èyí lè tún tanná lẹ́ẹ̀kejì bí òjò bá padà. Anthony Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ẹ̀wà tí ewé rẹ̀ kì í tètè kú lẹ́yìn ìkórè àkọ́kọ́. Bí ọ̀dá àárín bá ba èso àkọ́kọ́ jẹ́, irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ a máa so èkejì. Iye tí ó ń san ni pé ó pẹ́ lóko. Ibi tí òjò kò bá ní padà mọ́, ìdúró rẹ̀ kò lérè púpọ̀.

5. Ẹ̀RÍ INÚ ÀPÓTÍ PÁKÓ

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ọ̀nà kẹta àti ẹ̀kẹrin ti inú irúgbìn wá, tí kì í ṣe gbòǹgbò tàbí ilẹ̀ ni ó fà á? B. B. Singh, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà ní ẹ̀ka IITA ní Kánò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà kan tí kò ní ìnira, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ sínú àpótí pákó tí kò jìn, wọ́n gbin onírúurú ẹ̀wà sí i ní ìlà-ìlà, wọ́n ń bomi rin wọ́n títí ewé olójú mẹ́ta àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ, wọ́n sì dáwọ́ omi dúró. Nítorí pé àpótí náà kò jìn, kò sí gbòǹgbò tí ó lè sá lọ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ kan náà, omi kan náà, oòrùn kan náà ni gbogbo wọn ní. Ìyàtọ̀ tí ó bá kù, ti irúgbìn ni.

Àwọn kan rọ, wọ́n sì tètè kú. Àwọn kan, bíi TVu 11986 àti TVu 11979, dá ìdàgbàsókè dúró. Gbogbo ara wọn jọ ń rọ díẹ̀díẹ̀ fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí wọ́n tó kú pọ̀. Àwọn mìíràn, bíi Dan Ila àti Kanannado tí ó jẹ́ ẹ̀wà ìbílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Haúsá, ń hu ewé tuntun díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ náà, wọ́n sì dúró tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ni méjì nínú àwọn tí ó pẹ́ jù náà ti wá.

Nígbà tí wọ́n mú èyí tí ó ní ìfaradà, tí wọ́n fi gba akọ lára èyí tí kò ní, gbogbo ọmọ àkọ́kọ́ ni ó ní ìfaradà. Ní ìran tí ó tẹ̀lé e, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ní i. Ohun tí ẹ rí nínú igbá náà gan-an nìyí. Wọ́n ka oríṣi ìfaradà kọ̀ọ̀kan sí iṣẹ́ jíìnì kan tí ó ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ yín lè ṣe ìdánwò yìí. Ẹ kan àpótí tí ó jìn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ gbin irú ẹ̀wà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀kan ní ìlà kan, kí ẹ sì gbé e sí abẹ́ òrùlé tí òjò kò ti lè dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ ń dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dáwọ́ omi dúró, ẹ máa ka iye tí ó ti rọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Nígbà tí èyí tí kò lágbára bá ti kú tán, ẹ tún bomi rin gbogbo wọn, kí ẹ sì ka iye tí ó jí padà.

6. ÌDÍ TÍ IṢẸ́ NÁÀ FI Ń PẸ́

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí jíìnì kan bá tó, kí ló dé tí a kò tíì ní ẹ̀wà tí ọ̀dá kò lè ṣe ní ohunkóhun? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé, kí èéhù má kú nínú àpótí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí àgbàlagbà ẹ̀wà so púpọ̀ nínú oko. Gbòǹgbò, ọjọ́ ìtànná, títóbi ewé, dídì ihò ara ewé, iye ọmọ inú èso: jíìnì púpọ̀ ni ó pín iṣẹ́ wọ̀nyí láàárín ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe díẹ̀.

Ẹ padà sí igbá yín. Bí ó bá jẹ́ jíìnì kan ni à ń wá, ọ̀kan nínú ewéko 4 ni yóò jẹ́ pupa méjì. Bí ó bá jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú 16 ni. Bí ó bá jẹ́ jíìnì 10, ọ̀kan nínú 1,048,576 ni. Kò sí àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń mú wọn jọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n sì ń yẹ krómósómù wò lónìí láti mọ èéhù tí ó gba jíìnì tí wọ́n ń wá, kí wọ́n má baà dúró de ọ̀dá kí wọ́n tó mọ̀. Ìdí kan náà ni IITA fi ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà tí ó ju oríṣi 15,000 lọ ní Ìbàdàn. Irúgbìn tí kò níyì lójú wa lónìí lè gbé jíìnì kan tí kò sí lára òmíràn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀ ni èyí: ohun tí a fi ọdún púpọ̀ kó jọ, àpò kan tí a da ẹ̀wà ọjà mọ́ lè tú u ká ní ọjọ́ kan.

7. OHUN TÍ ILẸ̀ FÚN Ẹ̀WÀ KÒ SÍ NÍNÚ IRÚGBÌN

Johannsen tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣe ìdánwò kan lórí ẹ̀wà, èyí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1903. Ó mú irúgbìn tí gbogbo rẹ̀ ti ara ewéko kan ṣoṣo wá. Nínú wọn, ó ṣa èyí tí ó tóbi sọ́tọ̀, ó sì ṣa èyí tí ó kéré sọ́tọ̀, ó gbìn wọ́n. Ọmọ èyí tí ó tóbi kò tóbi ju ọmọ èyí tí ó kéré lọ. Dọ́gba-dọ́gba ni wọ́n rí. Ìdí rẹ̀ ni pé jíìnì kan náà ni gbogbo wọn ní. Títóbi àti kíkéré wọn ti ọwọ́ ilẹ̀, omi àti àyè wá, ilẹ̀ kì í sì í kọ ẹ̀bùn rẹ̀ sínú irúgbìn.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ṣíṣa irúgbìn pín sí. Bí ẹ̀wà yín bá jẹ́ ẹlẹ́yọ kan tí ẹ gbà láti ilé-iṣẹ́ irúgbìn, ṣíṣa èyí tí ó dára jù kò lè mú ìfaradà rẹ̀ pọ̀ sí i. Ohun tí ó kù ni kí ẹ yọ àjèjì kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀wà ìbílẹ̀, tí ó jẹ́ àdàpọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé, ṣíṣà lérè gan-an, bí a bá ṣà á dáadáa:

(a) Ẹ ṣa nígbà tí ọ̀dá bá wà, kì í ṣe lẹ́yìn ìkórè nìkan. Ẹ so òwú pupa mọ́ èyí tí ó dúró dáadáa.

(b) Ẹ fi ewéko wé èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣa èyí tí ó wà ní bèbè odò, lábẹ́ ibòji igi, tàbí níbi tí ààtàn ti wà rí. Ilẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́.

(d) Ẹ má ṣe jẹ́ kí ewé tútù tàn yín jẹ. Ewéko tí kò so kò ní ọmọ tí yóò bọ́. Kò yani lẹ́nu bí ewé rẹ̀ bá tutù. Èyí tí ó dúró, tí ó sì so, ni kí ẹ mú.

(e) Ẹ ṣà láti ibi púpọ̀ nínú oko. Ẹ gbin irúgbìn ewéko kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀ ní ọdún kejì. Ìlà tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá dúró ni ẹ̀rí ti wà fún.

8. ÈWO NI Ó YẸ OKO YÍN?

Ẹ má ṣe béèrè pé èwo ni ẹ̀wà tí ó ń fara da ọ̀dá jù lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ìgbà wo ni ọ̀dá ń dé sí oko wa.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀dá ìparí ni ó ń bá yín jà, ẹ ka ọjọ́. Ẹ̀wà tí a gbìn ní ọjọ́ 1 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, tí ó ń gbó ní ọjọ́ 65, yóò gbó ní ọjọ́ 5 oṣù Nòfẹ́ńbà. Èyí tí ó ń gbó ní ọjọ́ 90 yóò dé ọjọ́ 30 oṣù náà. Bí òjò yín bá sábà ń lọ ní òpin oṣù Ọkitóbà, èyí àkọ́kọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òjò. Èkejì yóò máa bọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn fún bí oṣù kan.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀dá àárín, ẹ̀wà tí ó ń pẹ́ díẹ̀, tí ewé rẹ̀ kì í tètè kú, tí ó sì lè tún tanná, ni ó sàn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dá ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wá èyí tí èéhù rẹ̀ dúró nínú àpótí. Bí ọ̀dá yín kò bá ní àkókò kan pàtó, ẹ má ṣe fi gbogbo oko gbin irú kan: ẹ gbin èyí tí ó tètè gbó sí apá kan, ẹ gbin èyí tí ó ń pẹ́ sí apá kejì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, èkejì lè dúró.

Òfin yìí kò yàtọ̀ fún ẹ̀pà, ẹ̀pà-roro àti òtílì. Kìkì pé oyin máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ láti ara òtílì kan dé ara òmíràn ju bí ó ti ń ṣe sí ẹ̀wà lọ. Nítorí náà, ẹ gbin òtílì tí ẹ fẹ́ fi ṣe irúgbìn jìnnà sí oríṣi mìíràn.

9. BÍ ẸGBẸ́ ṢE LÈ TỌ́JÚ IRÚGBÌN

Ẹgbẹ́ lè ṣe èyí ju ẹnì kan lọ. Ẹ yan ọmọ ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa gbin irúgbìn nìkan, irú kan fún ẹnì kan. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín oko wọn àti ẹ̀wà mìíràn. Ẹ fa ewéko tí òdòdó tàbí ìrísí rẹ̀ bá yàtọ̀ tu kí ó tó so. Orí ilẹ̀ ìpakà ni irúgbìn ti ń dàpọ̀ jù lọ: ẹ gbá a mọ́ kí ẹ tó pa irú mìíràn níbẹ̀, ẹ sì gbọn àpò yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Ẹ sá irúgbìn gbẹ dáadáa, ẹ kó o sínú àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, kí ẹ sì kọ mẹ́rin sí i lára: orúkọ ẹ̀wà, oko tí ó ti wá, ọdún ìkórè, àti iye ọjọ́ tí ó fi gbó.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé irúgbìn nìkan kò tó. Ilẹ̀ tí a bo pẹ̀lú koríko gbígbẹ ń pa omi mọ́. Oko tí a kò ro, èpò ni yóò mu omi rẹ̀. Jíìnì tí ó dára jù lọ kò lè mu omi tí kò sí níbẹ̀.

10. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Nínú ọdún márùn-ún tí ó kọjá, ìgbà wo ni ọ̀dá ba ẹ̀wà wa jẹ́: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, tàbí ìparí?

2. Irú ẹ̀wà mélòó ni ó wà lọ́wọ́ wa, ọjọ́ mélòó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń gbó?

3. Èwo nínú wọn ni ẹlẹ́yọ kan, èwo sì ni àdàpọ̀?

4. Ta ni yóò kan àpótí ìdánwò, ta ni yóò sì máa kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀?

Ẹ mú ìdáhùn yín tọ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn agbègbè yín lọ kí òjò àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè bá yín wá irúgbìn tí ó yẹ. Ọwọ́ wa kò ká òjò. Irúgbìn tí ó wà nínú àpò wa ni ọwọ́ wa ká, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí a tó fi í sí ilẹ̀.